Oníbodè Iná Nínú Ilé Àwọn Baba Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù



Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà ní ìlú wa, ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀, bí a ti rò, ni àwọn ilẹ̀kùn gbígbẹ́, àwọn òpó olódòdó tí àwọn Àgùdà mú ìmọ̀ rẹ̀ bọ̀ láti Bàhíà, àti àwọn fèrèsé onígíláàsì aláràbarà tí ó wà ní òkè petẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, a ó sì sọ ọ́ ní ọjọ́ mìíràn bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú kálámù, ọkàn wa kò kúrò lára ohun kan tí ẹnikẹ́ni kì í fi han àlejò: pákó dúdú kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí aláǹtakùn ti ń takùn, tí mítà wà lókè rẹ̀, tí fúùsì tánńganran funfun mẹ́rin tàbí mẹ́fà sì tò sí ìsàlẹ̀. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kò lè sun ilé. Pákó yìí lè sun ilé, kí ó sì sun ilẹ̀kùn gbígbẹ́ náà mọ́ ọn.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àlùfáà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó wá ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná. A kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ohun tí a mọ̀. Lẹ́yìn náà ni a tó jókòó ti ìwé, tí a sì jókòó ti àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí a tó kọ́ni.

Ní ọdún 2009 ni a sin ìyá àgbà wa, aya ẹni tí ó kọ́ ilé ẹbí wa. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wá láti Èkó, láti Ìbàdàn, àti láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: a kun ilé, a pààrọ̀ páànù òrùlé, a dá aṣọ ẹbí, a háyà àga àti àtíbàbà. A so ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta mọ́ ògiri nítorí àwọn tí ó ti òkè òkun dé. Fíríìsà méjì wà ní ẹ̀yìnkùlé fún ẹran àti ohun mímu. A sì ta gílóòbù káàkiri àgbàlá fún àìsùn. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, fúùsì kan já. A pààrọ̀ wáyà rẹ̀, ó tún já. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó já láàárín wákàtí kan, àwọn onílù dúró, àwọn àna wa sì jókòó nínú òkùnkùn. Ọmọkùnrin kan nínú ilé ní òun mọ bí a ti ń ṣe é kí ó má jàá mọ́. Ẹ má jẹ́ kí a di ẹ̀bi náà ru ọmọdé. Àwa fúnra wa, tí a wọ kọ́là àlùfáà sọ́rùn, ni a di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Àwa ni a ní kí ó fi wáyà tí ó nípọn sí i. Àwa ni a sì yìn ín nígbà tí iná dúró.

Iná dúró lóòótọ́. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago méjì òru, àbúrò bàbá wa obìnrin, tí ó dìde láti lọ wo ọmọ kan tí ń sunkún, gbọ́ òórùn bí ìgbà tí ẹja bá jóná lórí ààrò. Ó rò pé àwọn alásè ni. Ó ti fẹ́ padà sùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀; nígbà tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí i pé pákó náà ti pọ́n bí ẹ̀yinná, aṣọ fèrèsé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti ń rú èéfín. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni ó sùn sí òkè petẹ́ẹ̀sì ní òru ọjọ́ yẹn, ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́fà wà nínú wọn. Àtẹ̀gùn onípákó kan ṣoṣo ni wọ́n lè gbà sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ pákó iná náà ni àtẹ̀gùn ọ̀hún sì gbà. Ẹnì kan fi odó igi gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ odó, fa ọwọ́ súwíìṣì ńlá wálẹ̀. Yanrìn tí a kó jọ fún iṣẹ́ ibojì ni a sì fi pa iná náà. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ronú omi. Ní òwúrọ̀, a sin ìyá àgbà wa, a jó, a ná owó fún àwọn onílù, ènìyàn púpọ̀ kò sì mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí a sin ènìyàn méjìdínlógún.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí a ṣe gan-an ní alẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo yín ni ẹ mọ ohun tí oníbodè jẹ́ ní ìlú àwọn baba wa. Ẹnu bodè ni ó ń gbé. Ó ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Ó ń wo iye ẹni tí ń wọlé àti irú ẹni tí wọ́n jẹ́, bí ó bá sì rí i pé ẹsẹ̀ tí ń bọ̀ pọ̀ ju ti ọjọ́ ọjà lọ, ó ní láti ti bodè. Fúùsì ni oníbodè iná. Wáyà tín-ín-rín kan ni, tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó jẹ́ aláìlágbára jùlọ ní gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá nínú ilé. Bí iná tí ń kọjá bá pọ̀ ju èyí tí wáyà inú ògiri lè gbà, òun ni yóò kọ́kọ́ gbóná, tí yóò yọ́, tí yóò já, ọ̀nà yóò sì dí. Ó ń kú kí ilé má baà kú. Nígbà tí a fi wáyà nípọn rọ́pò rẹ̀, a kò tún un ṣe. A fún oníbodè ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ó lè sùn. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ yọ́ kì í ṣe fúùsì mọ́, bí kò ṣe wáyà tí ó wà nínú ògiri àti lókè àjà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó.

Ìṣirò kékeré kan wà níbẹ̀ tí a máa ń fi ìdí rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Iná tí ń wọ ilé ní ilẹ̀ wa jẹ́ 230 fọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá mú iye wáàtì tí a kọ sí ara ẹ̀rọ kan, tí ẹ sì fi 230 pín in, ẹ ó rí iye áńpíà tí ẹ̀rọ náà ń fà. Nígbà tí bàbá àgbà wa fa iná wọ ilé rẹ̀ ní 1958, gílóòbù 60 wáàtì mẹ́jọ, rédíò kan, àti áyọ́ọ̀nù kan ni ó wà níbẹ̀. Bí a bá tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò tó 6 áńpíà. Ní alẹ́ àìsùn yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta, fíríìsà méjì, ogún gílóòbù, àti kẹ́tùrù tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi ń se omi tíì ń fa nǹkan bí 29 áńpíà gba inú wáyà kan náà wọlé. Ìlọ́po márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ooru tí iná ń dá nínú wáyà kì í pọ̀ ní ìwọ̀n bí iná ti ń pọ̀. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí iná bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru a di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìlọ́po márùn-ún iná tiwa ní òru ọjọ́ náà jẹ́ ìlọ́po 25 ooru, nínú wáyà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ohun kan tún wà nípa ọjọ́ orí wáyà náà. Iná mànàmáná kì í ṣe àlejò àná ní ilẹ̀ wa. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn gbé ẹ̀rọ amúnáwá àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Èkó, nígbà tí ó sì di 1898, iná ti ń tàn ní Marina. ECN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ọ̀pọ̀ nínú ilé tí a ń pè ní ilé bàbá wa lónìí ni a sì fa iná wọ̀ ní àkókò rẹ̀. Ní 1972, ECN di NEPA. Ní 2005, NEPA di PHCN. Ní 2013, a pín iṣẹ́ náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ọ̀gá iná yí padà nígbà mẹ́ta lójú wa, pákó tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa kò yí padà.

Rọ́bà ni a fi bo púpọ̀ nínú wáyà àkókò náà, a sì fi aṣọ híhun tí a rì sínú ọ̀dà wé e lórí. Kò tíì di àkókò ike tí a mọ̀ lónìí. Rọ́bà ń gbẹ. Nínú àjà tí ó wà lábẹ́ páànù, níbi tí oòrùn ti ń yan án láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ó ń le, ó ń sán, ó sì ń já bọ́ bí èèpo ẹ̀pà bí a bá fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí a tú àjà ilé wa, a rí ibi tí ó jẹ́ pé bàbà lásán ni ó kù, tí ó sùn lé igi àjà láìsí aṣọ lára.

Àrùn méjì mìíràn wà lára àwọn pákó àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ iná kì í sábà mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa ń fi fúùsì sí wáyà méjèèjì, èyí tí iná ń gbà wọlé àti èyí tí ó ń gbà padà. Ó dà bí ẹni pé ààbò ti di méjì. Rárá o. Bí fúùsì ti ọ̀nà àbọ̀ bá ṣáájú já, gílóòbù yóò kú, onílé yóò sì rò pé iná ti kúrò níbẹ̀. Ó gun àga, ó fi ọwọ́ kan ojú gílóòbù, iná sì wà níbẹ̀ pátápátá. Èkejì ni ti wáyà ilẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, tí í ṣe ọ̀nà tí iná tí ó bá ṣìnà yóò gbà wọ inú ilẹ̀ lọ dípò kí ó gba ara ènìyàn. Lára páìpù omi onírin ni a máa ń so ó mọ́ láyé ìjọ́un, nítorí pé páìpù náà gba abẹ́ ilẹ̀ lọ jìnnà. Nígbà tí ó yá, páìpù onírin dípẹtà, a yọ ọ́, a fi oníke sí i. Ike kì í gbé iná. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti wà láìní ẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún onílé.

Nígbà tí ECN fẹ́ ère sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Marina, Ṣàngó ni Ben Enwonwu ṣe fún un ní 1964. Àlùfáà ni wá, a kò ní kí ẹnikẹ́ni forí balẹ̀ fún ère; ṣùgbọ́n a gbà pé ẹni tí ó yan Ṣàngó mọ ìtàn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, a kà á pé Ṣàngó ní oògùn kan tí ó fi ń pe mànàmáná, tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń jẹ́. Ó dán an wò. Ààfin òun fúnra rẹ̀ ni ààrá náà sọ̀ lé, púpọ̀ nínú àwọn aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣègbé nínú iná náà. A ti ka ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbà púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọba tí ó gbéraga. Lẹ́yìn ọdún 2009, a kì í kà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìtàn onílé tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ohun àtijọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò ni.

Báwo ni ènìyàn yóò ti mọ̀ pé ti ilé òun ti di ewu? Kí ó dúró níwájú rẹ̀ ní alẹ́, nígbà tí iná ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Kí ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ọn láìfi kàn án. Kò yẹ kí ooru máa ti ibẹ̀ wá. Kí ó dẹ etí. Kò yẹ kí ó máa dún bí ẹ̀fọn. Òórùn ẹja jíjóná ni a ti sọ. Bí gílóòbù bá ń ṣẹ́jú nígbà tí fíríìjì bá gbéra, bí àmì dúdú bá wà níbi tí wáyà ti wọnú fúùsì, bí òjò bá ń gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀ sí i, bí ikán bá ti mu ún, tàbí bí ọmọńlé bá ti sọ ọ́ di ilé tirẹ̀, kí ó má ṣe jiyàn mọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá sì ń sọ pé ẹ̀rọ kan ń gbọn òun lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín.

Ohun tí a fi ń rọ́pò pákó náà ni àpótí tuntun tí ó ní bíréékà nínú. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú bíréékà, tí a fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀, tí ooru ń fẹ̀ ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iná bá pọ̀ jù fún ìgbà díẹ̀, irin náà yóò tẹ̀, yóò sì já ọwọ́ súwíìṣì sílẹ̀. Irin òòfà kan tún wà níbẹ̀ fún ọ̀ràn pàjáwìrì, bí ìgbà tí wáyà méjì bá fi ara kan ara; èyí kì í dúró de ooru rárá. Ibi tí ó dára sí jùlọ ni pé kò sí wáyà kankan tí aláìmọ̀kan lè rọ́pò nínú rẹ̀. Oníbodè tí a kò lè fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ bá sọ̀rọ̀ ni. Dípò fúùsì mẹ́rin fún gbogbo ilé, a ó pín ilé sí ọ̀nà púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oníbodè tirẹ̀: gílóòbù lọ́tọ̀, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ̀rọ amómigbóná lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n bíréékà, ilé ni ó ń ṣọ́. Kò ṣọ́ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nìyí. Charles Dalziel, olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, wọn iye iná tí ènìyàn lè dì mú kí ó sì tún lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Fún àwọn ọkùnrin, ó rí i pé ó tó nǹkan bí ìpín 16 nínú 1,000 áńpíà kan. Fún àwọn obìnrin, nǹkan bí ìpín 10 àti ààbọ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, iṣan ọwọ́ yóò gan mọ́ ohun tí ó dì mú. Kí fúùsì 15 áńpíà tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, iná náà ní láti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún obìnrin, ẹni náà yóò sì ti kú tipẹ́. Nítorí náà ni Dalziel fi ṣe ẹ̀rọ kan jáde ní 1961. Ní ọ̀nà tiwa, tí ó jẹ́ ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, irú rẹ̀ tí a ń lò ni RCD. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti yé ni: ó ń ka iná tí ń jáde lọ, ó sì ń ka èyí tí ń padà bọ̀, gẹ́gẹ́ bí darandaran ti ń ka ẹran. Bí ìpín 30 nínú 1,000 áńpíà kan bá dín nínú àbọ̀, ó gbà pé ó ti gba ibi tí kò yẹ lọ, bóyá ara ènìyàn, ó sì ti bodè kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó parí. Bọ́tìnì kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí a fi ń dán an wò. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà dé ìgbà. Èyí tí kò bá já nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ kò wúlò ju ère lọ.

Ẹ̀tàn kan wà tí ó yẹ kí a kìlọ̀ rẹ̀. Àwọn kan yóò wá bá yín, wọn yóò ní àwọn yóò fi àpótí tuntun dídán sí i ní ọjọ́ kan péré, kí ẹ fi wáyà sílẹ̀ bí ó ti wà. Ilẹ̀kùn irin lára ògiri tí ikán ti jẹ ni. Àwọn mìíràn yóò fi bíréékà 32 áńpíà sí orí wáyà tín-ín-rín tí a ṣe fún gílóòbù, kí onílé má baà ráhùn pé ó ń já. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ọjọ́sí ni ó tún padà dé ní aṣọ mìíràn. Wáyà ni ó ń sọ bíréékà tí ó yẹ ẹ́, kì í ṣe ìfẹ́ inú onílé. Ní ti ọjà, wáyà ayédèrú pọ̀, tí bàbà inú rẹ̀ kéré sí iye tí a kọ sí ara rẹ̀. Ẹ wo àmì SON, ẹ má sì tijú láti gé ẹyọ kan wò. Mítà àti ohun tí ó ṣáájú rẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ni. Kí ẹnikẹ́ni má tú èdìdì rẹ̀. Àwọn ni yóò pa iná láti òkè òpó kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan pákó. Àjọ NEMSA ni òfin fún ní iṣẹ́ láti yẹ irú iṣẹ́ báyìí wò kí ó sì fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún.

A kò ní sọ púpọ̀ lórí jẹnẹrétọ̀, ju pé kí súwíìṣì tí ń yí ilé láti orí iná ìlú sí orí jẹnẹrétọ̀ wà, kí ó sì jẹ́ èyí tí kò lè kan méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá fi wáyà olórí méjì ki iná jẹnẹrétọ̀ bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ń rán iná padà sí orí òpó, níbi tí ọmọ ẹlòmíràn ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jùlọ kù, kò sì kan wáyà. Lẹ́yìn ìsìnkú náà, a pe ìpàdé ẹbí. A ṣàlàyé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣàlàyé fún yín yìí. Olórí ẹbí wa, tí ó ti rékọjá ọgọ́rin ọdún nígbà náà, fi sùúrù gbọ́ tiwa tán, ó ní, "Àlùfáà, láti 1958 ni iná yìí ti wà. Ojú mi ni bàbá rẹ àgbà ṣe fà á wọlé. Ṣé o rí i kí ilé yìí jó rí?" Àwọn tí ó wà ní Èkó ní àwọn kì í sùn níbẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀ ní àwọn kò lówó. Ẹnì kan ní kí ẹni tí ó so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ilé bàbá wa wá san án. Ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, a máa rí owó fún ọ̀dà rẹ̀, nítorí ọ̀dà wà níta. A kì í rí owó fún ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe láàárín ọdún méjì. Kì í ṣe ìwàásù tiwa ni ó borí. Àbúrò bàbá wa obìnrin yẹn ni ó dìde ní ìpàdé kẹta, ó kọjú sí olórí ẹbí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Orúkọ àwọn ọmọ tí ó sùn lókè ní òru yẹn ni mo fẹ́ kà." Ó kà wọ́n, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú oríkì wọn. Bàbá dákẹ́ pẹ́. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ó ní kí a yọ owó náà láti inú ohun tí a kó jọ fún ìrántí ọdún kẹta ìyá àgbà, kí a sì ṣe ìrántí náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lásán, láìpa màlúù.

Ní 2012 ni a ṣe iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ tí a kọ́kọ́ pè fẹ́ fi kísù gbẹ́ ara ògiri láti òkè dé ilẹ̀ kí wáyà lè wọ inú rẹ̀. A dá a dúró. Ògiri amọ̀ ni, a sì fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú. Bí a bá gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, yóò là. Ẹni kejì tí a gbà fi wáyà gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ògiri, ó kùn ún ní àwọ̀ ògiri, kò sì fọwọ́ kan òdòdó kan lára òpó. Ó ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé fún ẹ́ẹ̀tì, ó wọ̀n ọ́n, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì ri èkejì.

Ní ọjọ́ tí a tan iná, RCD já. Ó já ní òwúrọ̀, ó já ní ọ̀sán, gbogbo ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa pé a ti fi owó màlúù ra ìyọnu. Òṣìṣẹ́ náà kò jiyàn. Ó ń yọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kúrò lójú ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, yàrá sí yàrá, títí ó fi dé yàrá àbúrò bàbá wa obìnrin yẹn kan náà. Fíríìsà rẹ̀ ni. Iná ti ń jò bọ́ sí ara irin rẹ̀, a kò mọ láti ìgbà wo. Ìyá ní, "Òun ni ó máa ń gbọn mí lọ́wọ́ bí mo bá bọ́ bàtà. Mo rò pé àìsàn àgbà ni."

Fúùsì tí a yọ kúrò lára pákó àtijọ́ náà ni ó wà lórí tábìlì yìí, níwájú Alága. Wáyà nípọn tí a fi sí i ní alẹ́ àìsùn ṣì wà nínú rẹ̀, kò já. Ẹ̀gbẹ́ tánńganran náà ni ó là. Ẹ gbé e yí ká, kí gbogbo yín fi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà a ó dáhùn ìbéèrè, títí dé ibi tí ìmọ̀ wa bá mọ.